Àwọn Tó Ń Fi Ogun Odò Àwẹ̀lé Ṣeré

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ara kan ìbọn mi. Ẹni tó bá ní ẹmu lọ́wọ́, kó bù ú fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tún sọ yìí gbóná lọ́nà ọ̀fun, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àpótí méjì ni ìdí mi gbà, mo sì rí yín bí ẹ ṣe ń wo ojú ara yín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí a lè sọ̀rọ̀.

Èmi ni Ọdẹ́bùnmi, tí gbogbo Ìlápàta ń pè ní Ìyá Oníbọn. Bàbá mi kò bí ọkùnrin, èmi ló kọ́ ní ọdẹ. Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ìkookò, mo ti fi ojú kan àwọn nǹkan tí kò tíì ní orúkọ nínú Igbó Ọ̀sán-Dòru, mo sì padà wálé wá rokà fún ọkọ. Nínú gbogbo ọkùnrin tó ń fọ́nnu nínú ẹgbẹ́ ọdẹ yìí, ta ló lè fi ọmú ti ìdí ìbọn kó sì yìn ín kí ẹran ṣubú? Èmi nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn dìde.

Ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí, n kì í pe orúkọ ọkọ, n kì í sì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí sí ilé náà kí n tó wọ̀ ọ́, ì báà ṣe ọmọ tó ń rákò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pe ọkọ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá, nítorí ó tín-ín-rín bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká ìbẹ́pẹ. Òun àti Ọdẹ́gbayì jọ lọ sí ìgbẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Ọdẹ́gbayì nìkan ló padà. Ó ní ohùn kan pe ọkọ mi láti inú igbó, ó pè é ní orúkọ gan-an, kò sì sí ẹni tí ojú rí. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lánàá mọ̀ pé ọdẹ kò gbọdọ̀ dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ọkọ mi, àgbàlagbà tó ti hu ewú, ó la ẹnu, ó ní, "Hòo!" Ilẹ̀ là, ilẹ̀ padé, ó tán.

Mo sáré wá síbí, ní iwájú ẹ̀yin wọ̀nyí, mo gbé ìbọn lé èjìká. Balógun Lákọ̀ọ́, tó jókòó lọ́hùn-ún tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ló dá mi lóhùn.

Ó ní, "Ìyá Oníbọn, farabalẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti gbé e yẹn, ibi tí wọ́n ti ja Ogun Odò Àwẹ̀lé gan-an ni. Àwọn bàbá ló pè é. Iyì ni. Lọ wọ aṣọ dúdú rẹ."

Ẹ gbọ́ o! Iyì! Gbogbo yín lẹ mọ ogun náà, ẹ̀ ń kọrin rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀ ń pa àgbò lé e lórí. Ó ti lé ní igba ọdún. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìtàmọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn bàbá ilé ọkọ mi fi ẹsẹ̀ lásán dúró ní etí odò, odò sì kún lẹ́yìn wọn. Balógun ayé ìgbà náà ti bá wọn búra pé ẹnikẹ́ni kò ní yẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wà ní òdìkejì odò, lábẹ́ igi, ó ń wòran. Bí oòrùn ti kan àtàrí ni ogun jà, gbogbo wọn sì kú tán. Láti ìgbà náà, ọmọ Ìlápàta kì í fẹ́ ọmọ Ìtàmọ̀dù, ọmọ Ìtàmọ̀dù kì í fẹ́ tiwa. Ohun tí ẹ sọ di ọdún nìyẹn.

Mo ní, "Balógun, ẹ bá mi lọ."

Ó ní orúnkún ń dun òun. Mo wo àwọn ọdẹ yòókù. Ọ̀kan ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ọ̀kan ń yọ ẹ̀gún tí kò sí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọdẹ́gbayì ní ìyàwó òun lóyún.

Mo ní, "Ìwọ lo máa rọbí ni?"

Mo tutọ́ sílẹ̀, mo ká aṣọ mi ṣán, mo lọ.

N kò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí mo ṣe wọ Igbó Ọ̀sán-Dòru báyìí ni òjò òkúta bẹ̀rẹ̀, òkúta tó tó àgbọn, tó ń bọ́ láti ọ̀run láìsí kùrukùru. Mo rí ihò kan ní ìdí igi ńlá, mo fi orí sọ ọ́. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Ìdí mi ní òun ò lọ. Mo tì í, mo fà á, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n, ẹ wò mí bí mo ṣe há sínú igi, tí ìdí mi yọ síta bí ọjà tí wọ́n pàtẹ.

Bí òjò òkúta ti dá, iwin kan dé, ó jókòó lé mi.

Ó ní, "Háà, òkúta tuntun. Òkúta yìí rọ̀ o, ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo rẹ̀ sí mi lẹ́yìn. Iwin kejì dé, ó bi í pé, "O ò ní lọ wo eré ogun lónìí?"

"Màá lọ. Ṣé o ti rí èèyàn tuntun tí wọ́n mú wá? Ọdẹ kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnìkan ló fọ́ lára àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n wá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan náà, wọ́n pè é, òmùgọ̀ náà sì dáhùn. Wọ́n ti ń pa á lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Amọ̀ ti gùn ún dé ìbàdí. Bí wọ́n bá pa á lónìí, yóò dé ẹnu. Ẹni tí amọ̀ bá ti dé ẹnu rẹ̀, ó di tiwọn títí ayé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi, mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi wà nínú igi. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ẹ̀wà kí n tó jáde nílé. Mo gbìyànjú láti fi agbára ti ara mi jáde, ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe èmi. Ó dún bí ìbọn.

"Òkúta só o!" Iwin fò sókè. "Òkúta só o! Yéè!" Ó sá. Agbára tí mo fi tú u sílẹ̀ náà ló já mi gbà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbọn èèpo ẹ̀pà dànù, mo sì tẹ̀ lé e bó ṣe ń sá lọ sílé. Bí mo ṣe mọ ọ̀nà ìlú wọn nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìdí tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo fi rí ọ̀nà tí ẹ̀yin kò fi ojú wá.

Ìlú Ìdárayá ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Adènà kan jókòó sí ẹnubodè pẹ̀lú ìkòkò tó ga tó ọkùnrin. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, màmá. Níhìn-ín, a kì í bínú. Eré là ń ṣe. Ẹ da ìbínú yín sínú ìkòkò yìí, ẹ óò gbà á bí ẹ bá ń lọ."

Mo ní, "N kò ní òmíràn nílé. Èyí tí mo ní nìyí, mò ń lò ó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé, ẹ já àlọ́ mi. Àwọn méjì ń jà. Kò sí ẹni tó fara gbọgbẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ilé aládùúgbò wọn ló kún fún opó. Kí ni o?"

Mo ní, "Ṣé àlọ́ nìyẹn? Ogun tí àwọn ìjòyè bá dá sílẹ̀ ni. Ìyá mi ì bá já a lójú oorun. Kúrò lọ́nà!" Mo fi ìdí ìbọn gbá ìkòkò rẹ̀, ó fọ́. Ìbínú gbogbo àlejò tó ti kọjá níbẹ̀ tú jáde, ó ń hó lẹ́sẹ̀ mi bí omi ìlasa. Adènà fi aṣọ bo orí. Mo rọra tẹ ìbínú náà kọjá, ó gbóná lẹ́sẹ̀ dáadáa, ó sì tún tèmi ṣe.

Mo dé pápá. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi yanrìn tò bó ṣe rí lọ́jọ́ ogun: òkè ní ìhín, odò ní ọ̀hún, igi kan ní òdìkejì odò. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìtàmọ̀dù tò sórí òkè, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tiwa dúró ní etí omi. Èèyàn gidi ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n amọ̀ ti bò wọ́n, ti àwọn mìíràn bò wọ́n títí kan irun. Àwọn òmìrán méjì jókòó sí ìhà méjèèjì pápá, orí wọn kan ewé ìrókò, ọ̀pá ọparun gígùn wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó ń darí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń jẹ́ Ránnijagun. Èyí tó ń darí ẹlẹ́ṣin ń jẹ́ Jókòówòran. Àwọn iwin yí wọn ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Mo rí ọkọ mi. Ó dúró láàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀, amọ̀ ti gùn ún dé ìbàdí.

Ó kígbe pé, "Ọdẹ́bùnmi! Kí lo wá ṣe níbí?"

Mo ní, "Mo wá ra iyọ̀ ni! Ta ló ní kí ẹ dáhùn?"

"Ó pè mí lórúkọ ni."

"Bí wọ́n bá pè yín sínú iná ńkọ́?"

"Má bínú."

"Mo ti bínú tán!"

Mo yìn ìbọn sí kókósẹ̀ Jókòówòran. Ó họ ibẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Ó wo ilẹ̀, ó rí mi, ó tẹrí ba kó lè gbọ́ mi dáadáa.

"Kí lo fẹ́, ìyá arúgbó?"

"Ọkọ mi ni mo fẹ́. Ẹ sì sọ fún mi, irú ìwà wo lèyí? Àwọn tó ti kú láti ìgbà láéláé, ẹ ò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi?"

Ó ní, "Eré ni, ìyá. A tò ó bó ṣe rí gan-an. Orúkọ gbogbo wọn ló wà lórí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ sún èèyàn kan, yóò pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí orúkọ náà ṣe lọ́jọ́ ogun, òun náà ni yóò tún ṣe. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ogun jà, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kú. Lọ́la, a tún un tò."

Mo yíjú sí Ránnijagun. "Ìwọ tí o ń pàdánù lójoojúmọ́, kí ló dé tí o kò dẹ́kun?"

Ó ya ẹnu yán. Ó ní, "Kí ni màá dẹ́kun fún? Kì í dùn mí."

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kì í dùn ún! Mo wo àwọn bàbá ilé ọkọ mi lójú, amọ̀ ti dí ojú àwọn mìíràn, omi sì ń yọ lára amọ̀ náà níbi tí ojú yẹ kó wà. Kì í dùn ún!

Mo ní, "Dìde kúrò lórí àpótí yẹn. Èmi ni màá darí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lónìí."

Gbogbo iwin bú sẹ́rìn-ín. Ránnijagun fi àyè sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé nǹkan tuntun dé. Jókòówòran ní, "Ó dára. Bí o bá lè mú ẹyọ kan kúrò láàyè kí oòrùn tó kan àtàrí, máa mú gbogbo wọn lọ. Bí o kò bá lè ṣe é, wàá dúró láàárín wọn. Bẹ̀rẹ̀. Pe orúkọ ọkọ rẹ."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mo la ẹnu, orúkọ náà dé orí ahọ́n mi, ahọ́n mi kọ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, kò fi ẹgba kọ́ mi, ojú lásán ló fi wò mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣèèṣì pè é. Ojú yẹn ṣì wà lára mi.

Ọkọ mi ní, "Pè é! Lónìí nìkan! Mo fún ọ láṣẹ!"

"Pè é," ni Ránnijagun ń wí létí mi. "Bó bá pẹ́ títí, oòrùn á dé."

Jókòówòran bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn bàbá ilé ọkọ mi sókè, láti orí àgbà dé orí ọmọdé, ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo fi ọwọ́ di etí. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní nínú ara mi pé, Ọdẹ́bùnmi, láti ìgbà tí o ti wọ ilé náà, o ò pe orúkọ ọkọ rí. Ṣé nítorí àwọn abìdí-jókòó wọ̀nyí lo máa fi bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọ ilé, wọ́n tò sí iwájú rẹ, o kúnlẹ̀, o sì fún gbogbo wọn lórúkọ tìrẹ, ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó dúró sínú yanrìn yìí náà, ọkọ rẹ ni wọ́n. Wọn kò rí ìyàwó kankan tó kí wọn láti ìgbà tí wọ́n ti kú.

Mo fi ìbọn lélẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí yanrìn. Orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ.

Mo ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọkọ mi. Ìyàwó yín ló dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́." Mo wo ẹni àkọ́kọ́ dáadáa, bàbá kan tí eyín rẹ̀ funfun nínú amọ̀. "Ẹ̀yin, Eyínfúnjowó ni màá máa pè yín."

Amọ̀ orí rẹ̀ sán. Ó ṣẹ́jú. Amọ̀ jábọ́ láti ọrùn dé ẹsẹ̀ bí èèpo ẹyin.

"Eyínfúnjowó," ni bàbá náà wí, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Ta nìyẹn? Èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ìyàwó, ṣé omi wà? Òùngbẹ ń gbẹ mí láti ọjọ́ ogun."

"Kí lèyí?" ni Jókòówòran bú ramúramù. "Eyínfúnjowó kò sí nínú ogun yìí! N kò mọ̀ ọ́n!"

Mo ní, "Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ṣé ìwọ ni ìyàwó rẹ̀ ni?"

Mo dìde, mo ń lọ láti ọ̀kan dé òmíràn, mo ń kúnlẹ̀, mo ń dìde, ìbàdí mi ń ké. Ẹni gíga ni mo pè ní Àgùnfọn. Ẹni dúdú, Adúmáradán. Ẹni tí amọ̀ rẹ̀ pupa, Apọ́nbéporé. Ọmọdékùnrin ogun kan wà tó di ikùn mú, mo pè é ní Jẹ́jẹ́-ló-ń-rìn. Bí amọ̀ ti tú lára rẹ̀, ó sáré lọ sí etí odò, ó ṣí ṣòkòtò, ó ń tọ̀, ó ń tọ̀, kò dáwọ́ dúró. Ó ti ń mú un mọ́ra láti ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti yọ lórí òkè, tí ó ti lé ní igba ọdún! Odò kún sí i.

"Ìyẹn kò sí nínú ogun!" Jókòówòran ń gbọ̀n. "Ẹnikẹ́ni kò tọ̀ nínú ogun yìí!"

Eyínfúnjowó dá a lóhùn, ó ní, "Gbogbo wa la tọ̀. Ìwọ ni o kò sí níbẹ̀."

Mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Mo ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amọ̀ ìbàdí rẹ̀ wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú fún ìdúró pípẹ́, ó jókòó sínú yanrìn bì, ó ń fi ọwọ́ na itan rẹ̀.

Jókòówòran fi ìbínú gbé ọparun, ó ké orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, eruku bo ojú ọ̀run, mo dọ̀bálẹ̀ lé ọkọ mi lórí. Ọ̀kọ̀ wọn kọjá lára àwọn ọkọ mi bí ẹni tó ń gún èéfín. Orúkọ tí wọ́n wá pa kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ẹṣin dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún, ẹkún àwọn ọkùnrin tó wà lórí ẹṣin.

Olórí wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Amọ̀ ti gùn ún dé àgbọ̀n.

Ó ní, "Ìyá, àwa ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́ báwo? Ìwọ kọ́ lo ń gún àwọn bàbá wọ̀nyí lójoojúmọ́?"

"Èmi ni. Apá ń ro mí, ìyá. Mo mọ ojú wọn ju ojú ọmọ mi lọ. Inú ni ọmọ mi wà tí wọ́n fi ní kí n gun ẹṣin. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lórúkọ."

Mo wò ó. Inú mi kò yọ́ kíákíá, n kò ní purọ́ fún yín. Orin tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ń dún létí mi, orin tí a fi ń bú Ìtàmọ̀dù.

Mo ní, "N kò lè ṣe é. Ìyàwó ló ń fún ọkọ lórúkọ. Bí àjèjì bá ṣe é, èébú ni. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yín. A kì í fẹ́ yín, ẹ kì í fẹ́ wa."

Eyínfúnjowó dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Ìyàwó," ni ó wí, "ọmọ yìí ló ń pa mí. Lójoojúmọ́, ó máa ń ṣíjú kúrò kó tó gún mi. Òun nìkan ni mo rí láyé yìí tí ojú ń tì nítorí mi. Àwa la ni ilé tí o wà, a yọ̀ǹda rẹ. Fẹ́ wọn."

Ọkọ mi kígbe láti ilẹ̀. "Fẹ́ ta ni? Ọdẹ́bùnmi! Ṣé o ò rí mi níbí ni?"

"Mo rí yín. Ẹ máa na ẹsẹ̀ yín."

Mo jókòó sórí yanrìn, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó ní Ìtàmọ̀dù kó tó wọlé?"

"Wọ́n ń fọ̀ ọ́, ìyá."

"Kí lò ń dúró wò? Oòrùn ń bọ̀."

Ó tú akèrègbè kúrò lára gàárì. Ó kúnlẹ̀, ó da omi lé ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ arúgbó tó là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, tí èékánná kan ti kúrò, ó ń fi ọwọ́ amọ̀ rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó rọra ń ṣe é bí ẹni tó ń fọ ẹyin. Omi náà tutù. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín pé èmi ni wọ́n ń gbé níyàwó, èmi tí ọmú mi ti ń kí ìdodo. Ẹ̀rín náà kò jáde.

Ó fọ̀ ọ́ tán. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò lè sọ pé "ìwọ" fún un mọ́.

Mo ní, "Ẹ kú ilé o, ọkọ mi. Irùngbọ̀n-ń-bọ̀ ni màá máa pè yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Amọ̀ fọ́ lára rẹ̀ níbi ẹ̀rín yẹn. Ó to àwọn èèyàn rẹ̀ síwájú mi, mo ń sọ wọ́n lórúkọ, ohùn mi há, mo ń sọ wọ́n: Ẹlẹ́yinjú-oge, Ẹsẹ̀-kò-kanlẹ̀, Ọmọ-ìyá-rẹ̀-ń-retí. Bí mo ti sọ ẹni ìkẹyìn lórúkọ ni oòrùn kan àtàrí.

Òfin eré náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ogun gbọ́dọ̀ jà, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ kú ní etí odò. Yanrìn wá èèyàn, kò rí. Ó yíjú sí àwọn tó jókòó. Ó fa Ránnijagun ní ẹsẹ̀, ó fà á dé etí omi. Ó gbé Jókòówòran ka orí òkè, ó sọ ọparun ọwọ́ rẹ̀ di ọ̀kọ̀. Àwọn iwin da ẹ̀pà nù, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ.

"Ó ń dùn mí!" ni Ránnijagun ń ké. "Ó ń dùn mí o!"

N kò wẹ̀yìn. Àwọn ọkọ mi, ti Ìlápàta àti ti Ìtàmọ̀dù, jọ gun òkè lọ sí ibi tí àwọn àgbà ń lọ. Wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ tí mo fún wọn, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Jẹ́jẹ́-ló-ń-rìn wà lórí ẹṣin Irùngbọ̀n-ń-bọ̀. Nígbà tó yá, n kò rí wọn mọ́, ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́, lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ohùn mọ́.

Ẹsẹ̀ ọkọ mi kò tíì gbé e. Mo tú ìró mi, mo gbé e pọ̀n bí ọmọ, mo gbé ìbọn kọ́ ọrùn. Ó ń kùn lẹ́yìn mi títí a fi jáde nínú igbó. Ó ní ọkọ mélòó ni mo wá ní báyìí? Ó ní ṣé òun ni àgbà nínú wọn? Mo ní kó dákẹ́ kí n má bàa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó ní, "Ọdẹ́bùnmi, o ṣeun." Ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn, mo sì sunkún bí mo ṣe ń rìn, ẹ má sọ fún un.

A wọ ìlú ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin náà jáde, ẹ dúró sí ojúde, ẹ̀ ń wo opó tó pọn ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́gbayì kò lè wo ojú mi. Mo rò fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òógùn ń bọ́ lójú mi, ọkọ ṣì wà lẹ́yìn mi. Mo parí. Lẹ́yìn náà ni Balógun Lákọ̀ọ́ wú ikọ́, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe lórí èjìká.

Ó ní, "Ìyá Oníbọn, o káre. Ṣùgbọ́n sọ fún wa. Ní ìkẹyìn ọ̀rọ̀ náà, ta ló ṣẹ́gun, àwa ni àbí àwọn ará Ìtàmọ̀dù?"

Mo sọ ọkọ mi kalẹ̀. Mo tún ìró mi so. Mo rìn lọ síwájú Balógun títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó wọn ni mí, Balógun, ìhín àti ọ̀hún. Ẹ lọ bi àwọn ọkọ mi léèrè."